Alec Reeves, ẹni tí ó kọ́ wáyà tẹlifóònù ní òǹkà, àmọ́ tí kò rí èrè rẹ̀ jẹ

Nígbà tí oníṣòwò Yorùbá kan bá dúró ní Talladjé, àdúgbò kan lápá ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ìlú Niamey, tí ó sì pe àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí ó ń rìnrìn àjò láti orílẹ̀-èdè Niger wọ Nàìjíríà kì í ṣe ohùn rẹ̀ gan-an. Òǹkà ni. Ẹ̀rọ ti wọn ohùn náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ó ti sọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, ẹ̀rọ mìíràn yóò sì tú àwọn nọ́ńbà náà padà sí ohùn létí ẹni tí ó gbé ìpè.

Ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí ni Alec Harley Reeves, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde láyé ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 1971. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Lóde, bóyá ni a lè rí ẹni kan láàrin ẹgbẹ̀rún tí ó mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń fi sọ̀rọ̀.

Ọmọ Redhill tí ó dé Paris

Redhill, ìlú kan ní agbègbè Surrey ní gúúsù London, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 1902. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ti Reigate ni ó lọ. Ní 1918 ó wọ City and Guilds Engineering College ní London pẹ̀lú ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, ó sì tẹ̀síwájú ní Imperial College. Nígbà tí ó di 1923, ilé-iṣẹ́ International Western Electric gbà á síṣẹ́.

Iṣẹ́ tí ó bá níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà tí ẹni tí ó wà ní London yóò fi lè bá ẹni tí ó wà ní New York sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, láìsí wáyà tí ó la òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Rédíò ni wọ́n lò, Reeves sì wà lára àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kìíní, ọdún 1927, wọ́n ṣí ọ̀nà náà fún gbogbo ènìyàn. Pọ́ún 15 ni ìṣẹ́jú mẹ́ta, owó tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìgbà náà kì í rí gbà láàrin oṣù kan. Pẹ̀lú gbogbo owó yẹn, ariwo afẹ́fẹ́ àti ìjì a máa bo ohùn mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn.

Ilé-iṣẹ́ ITT ti ra ilé-iṣẹ́ wọn ní 1925. Ní 1927, wọ́n gbé Reeves lọ sí ilé ìwádìí wọn ní Paris. Ibẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ lórí rédíò onígbì kúkúrú tí ó so Sípéènì mọ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, àti lórí bí a ṣe lè kó ọ̀pọ̀ ìpè sórí ìgbì rédíò kan ṣoṣo. Ibi gbogbo tí ó bá yíjú sí, ọ̀tá kan náà ni ó ń bá pàdé: ariwo.

Owó ẹyọ kì í yí padà

Bí ọ̀rọ̀ ariwo yìí ṣe rí nìyí. Ohùn ènìyàn nínú wáyà jẹ́ ìgbì iná tí ó ń ga, tí ó ń lọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohùn ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ṣe ń ga tí ó sì ń lọ sílẹ̀. Bí wáyà bá ṣe ń jìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì náà ń rẹlẹ̀. A ní láti fi ẹ̀rọ gbé e sókè lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ohùn àti ariwo. Méjèèjì ni ó ń gbé ga pọ̀. Nígbà tí ìpè bá fi kọjá ibùdó mẹ́wàá, ariwo ibùdó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti gorí ara wọn.

Ó dà bí iṣẹ́ tí a rán láti ẹnu dé ẹnu. Ẹni kìíní gbọ́ ọ, ó sọ ọ́ fún ẹnì kejì, ẹnì kejì fi tirẹ̀ kún un, nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí, ó ti di nǹkan mìíràn. Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ ewu yìí, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń di àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so mọ́ okùn, òjò ì báà pa á, eruku ì báà bò ó, mẹ́fà náà ni ẹni tí ó gbà á yóò kà. Bí okùn bá tilẹ̀ fẹ́ já lójú ọ̀nà, ìránṣẹ́ lè fi okùn tuntun àti ẹyọ tuntun rọ́pò, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti jẹ́ mẹ́fà.

Ohun tí ó wá sí Reeves lọ́kàn ní Paris ní nǹkan bí 1937 kò jìnnà sí èyí. Dípò kí ó rán ìgbì ohùn fúnra rẹ̀, ó pinnu láti máa wọn gíga rẹ̀ léraléra, kí ó sọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, kí ó sì rán nọ́ńbà náà gẹ́gẹ́ bí iná tí ó tàn tàbí tí kò tàn. Ibùdó tí ó wà lójú ọ̀nà kò ní ìṣòro mọ́: kò ní láti gbé ariwo ga, ìbéèrè kan péré ni yóò máa dáhùn, bóyá iná tàn tàbí kò tàn, yóò sì tan iná tuntun tí ó mọ́ gaara ránṣẹ́ síwájú. PCM ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe ọ̀nà yìí títí di òní.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1938, wọ́n fi ìwé sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé láti gba ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí rẹ̀. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e ní 1939, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí tirẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1942.

Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn fáàfù onígíláàsì tí rédíò ìgbà náà ń lò ni ìdènà. Ohùn kan ṣoṣo yóò gba fáàfù rẹpẹtẹ, wọ́n ń gbóná, wọ́n ń jó, wọ́n sì ń gbówó lórí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó, kí ó wo ẹ̀rọ àṣírí SIGSALY tí ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà kọ́ nígbà ogun, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1943 kí àwọn ọ̀gá London àti Washington lè máa sọ̀rọ̀ láìsí pé Jámánì gbọ́ wọn. Ìlànà òǹkà kan náà ni ó lò. Ìwúwo ẹ̀rọ kan tó nǹkan bí 50 tọ́ọ̀nù. Ta ni yóò gbé irú èyí sí ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìlú kékeré?

Àdó olóró tí ó yẹ kí ó dá àwọn aláìṣẹ̀ sí

Ní 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Paris, Reeves sì sá padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó kórìíra ogun ni. Níbẹ̀rẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní fi ìmọ̀ òun ṣe ohun ìjà tí wọn yóò fi kọlu ẹnikẹ́ni. Bí ogun ṣe ń le sí i ni ó gbà pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹ́gun ibi tí ó dojú kọ ayé. Ó wá ọ̀nà tí ọkàn rẹ̀ lè gbà: bí àdó olóró bá lè balẹ̀ síbi tí a fẹ́ gan-an, àwọn tí ń gbé ní àyíká ibẹ̀ lè yè.

Òun àti Frank Jones ni wọ́n jọ ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Oboe. Ibùdó méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rán ìgbì rédíò sí ọkọ̀ òfurufú kan, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ náà ń dáhùn, àwọn ibùdó sì ń fi àkókò tí ìgbì lò ní àlọ àti àbọ̀ mọ bí ọkọ̀ ṣe jìnnà tó. Ibùdó kan ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, èkejì ń sọ ìgbà tí yóò ju ohun tí ó gbé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù Kejìlá ọdún 1942, kò sì sí ẹ̀rọ mìíràn nígbà náà tí ó mọ ojú àmì lóru tàbí nínú kùrukùru tó o.

Àmọ́ ìbùdó méjì kò lè tọ́ ju ọkọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, àwọn ọkọ̀ Mosquito tí Oboe ń tọ́ sọ́nà ni wọ́n ń lọ ṣáájú láti fi iná aláràbarà sàmì sórí ìlú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ńlá yóò sì tẹ̀lé wọn láti da àdó olóró lé àmì náà lórí. Báyìí ni wọ́n ṣe kọlu Essen ní oṣù Kẹta ọdún 1943, tí wọ́n sì ṣe sí àwọn ìlú mìíràn ní agbègbè Ruhr. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí kì í ṣe ológun ni wọ́n kú. Ẹ̀rọ tí a ṣe láti dín ikú aláìṣẹ̀ kù di ohun tí ń tan iná fún àwọn tí ń jó ìlú. Òótọ́ ni pé ó kó ipa nínú bí ogun náà ṣe parí, òótọ́ sì ni pé wọ́n lò ó lórí àwọn ìbọn ńlá etí òkun Normandy ní 1944. Ìjọba fún un ní oyè OBE ní 1945. Kò ṣeé sọ pé oyè náà yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn.

Ohun tí a mọ̀ ni pé, lẹ́yìn ogun, ó ń lo ọ̀pọ̀ nínú àkókò ìsinmi rẹ̀ láti ran àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ kí ìgbé ayé wọn lè tún padà bọ̀ sípò. Ó tún gbà gbọ́ pé àwọn òkú ń bá alààyè sọ̀rọ̀, ó sì kà á sí iṣẹ́ ìwádìí gidi. Èyí ya àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bóyá kò ní ya àwọn tí ń bọ egúngún lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Àkókò ẹ̀tọ́ ti kọjá

Ní 1947, wọ́n ṣe transistor àkọ́kọ́ ní ilé ìwádìí Bell. Ohun kékeré yìí, tí kò gbóná bí fáàfù, tí kì í sì í jó bíi tirẹ̀, ni PCM ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí wá. Síbẹ̀, ó tún gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó gbé ìlà T1 jáde ní 1962, tí ó ń kó ìpè 24 pọ̀ sórí wáyà méjì méjì. Ẹ̀tọ́ ọdún 17 tí ìjọba Amẹ́ríkà fún Reeves ní 1942 ti dópin ní 1959. Èyí ni pé nígbà tí ọjà náà kún, ẹni tí ó ní oko kò ní ìpín nínú rẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀ Yúróòpù yan tiwọn, òun sì ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà gbà lò: ìlà E1. A ń wọn ohùn ní ìgbà 8,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń di àmì mẹ́jọ, èyí tí í ṣe àmì 64,000 ní ìṣẹ́jú àáyá fún ohùn kan. Yàrá 32 ni ó wà nínú ìlà kan: 30 fún ohùn, ọ̀kan fún ètò ìpè, ọ̀kan tí ó kù fún mímú kí ẹ̀rọ ìhín àti tọ̀hún máa rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà.

Reeves kò jókòó sunkún lórí owó. Ní ilé ìwádìí Standard Telecommunication Laboratories, ní Enfield àti lẹ́yìn náà ní Harlow, ó ti kọjú sí ohun mìíràn: ó ní ìmọ́lẹ̀ ni yóò máa gbé ìpè lọ́jọ́ iwájú. Ní ilé ìwádìí yìí kan náà ni Charles Kao àti George Hockham ti fi hàn ní 1966 pé okùn gíláàsì tín-ín-rín lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn bí gíláàsì náà bá mọ́ tó. Kao gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2009.

Ìyìn tirẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé. Franklin Institute ti Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ Stuart Ballantine ní 1965. Ní 1969, ó gba oyè CBE, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ sítáǹbù kan jáde lórí PCM. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni àìsàn jẹjẹrẹ pa á. Kò níyàwó, kò sì bímọ.

Ìlà tí kò sí, tí a ń ṣe bí ẹni pé ó wà

Ìtàn ẹlòmíràn ì bá parí síbẹ̀. Ti Reeves kò parí, nítorí pé ọmọ ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ayé tún kọ ìlà tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde sílẹ̀, síbẹ̀ kò rí i jù nù.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kò fẹ́ ìlà tí ń dúró lófìfo bí kò bá sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì irú ti íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fẹ́, níbi tí wọ́n ti ń gé gbogbo ọ̀rọ̀ sí ìdì kéékèèké, tí ìdì kọ̀ọ̀kan sì ń wá ọ̀nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òpó 2G tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ káàkiri Áfíríkà, èdè E1 ni ẹ̀rọ wọn gbọ́. Ní orílẹ̀-èdè bíi Niger tí kò ní etí òkun, tí ìlú sì jìnnà sí ara wọn nínú aṣálẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wú gbogbo òpó bẹ́ẹ̀ jù nù lọ́jọ́ kan. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni wọ́n ń pè ní circuit emulation: wọ́n gbé àpótí kan sí ìhín, òmíràn sí ọ̀hún, àpótí méjèèjì sì ń ṣe bí ẹni pé ìlà Reeves ṣì wà láàrin wọn.

Ẹni tí ó bá gbé ní Niamey, tàbí tí ó mọ mẹ́ruwà ní Èkó, yóò tètè lóye bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìlà E1 dà bí omi ẹ̀rọ tí ń ṣàn láìdúró. Ìdì íntánẹ́ẹ̀tì dà bí kẹ́ẹ̀gì omi tí mẹ́ruwà ń tì wá lórí ọmọlanke: èyí yá, èyí pẹ́, òmíràn dànù lójú ọ̀nà. Bí onílé bá fẹ́ kí omi máa ṣàn lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni pé páìpù ni ó ti wá, ó ní láti gbé dúróòmù kan kalẹ̀, kí ó máa da kẹ́ẹ̀gì sínú rẹ̀, kí ó sì máa tú omi jáde nísàlẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Bí dúróòmù bá kéré jù, omi yóò dá nígbà tí mẹ́ruwà bá pẹ́. Bí ó bá tóbi jù, yóò pẹ́ kí omi tó jáde, àwọn méjì tí ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù yóò sì máa já lu ọ̀rọ̀ ara wọn.

Ibi tí ó le jù ni aago. Báwo ni ẹ̀rọ ọ̀hún yóò ṣe mọ bí omi ṣe ń yára jáde ní orísun? Bí ó bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ yára jù, dúróòmù yóò gbẹ. Bí ó bá lọ́ra, yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ọ̀nà kan ni kí ó máa wo ibi tí omi dé nínú dúróòmù, kí ó máa fi ìyẹn tún ẹnu ẹ̀rọ ṣe díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni kí ìhín àti ọ̀hún jọ máa wo aago kan náà, irú èyí tí sátẹ́láìtì GPS ń fúnni. Òpó GSM kò gbọ́dọ̀ ṣì ju ìdá 50 nínú bílíọ̀nù kan lọ. Bí ó bá ṣì jù bẹ́ẹ̀, ìpè ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ yóò já bí ó bá ti ń kúrò lábẹ́ òpó kan bọ́ sábẹ́ òmíràn.

Ní 2006 àti 2007, àwọn tí ń ṣe òfin íntánẹ́ẹ̀tì tẹ ìlànà méjì jáde fún iṣẹ́ yìí. SAToP ń gbé gbogbo ìlà bí ó ṣe rí, láìbìkítà fún ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Fún E1, ìdì ẹgbẹ̀rún kan ni ó sábà máa ń rán ní ìṣẹ́jú àáyá kan. CESoPSN ń yan yàrá tí ènìyàn wà nínú wọn nìkan, ó sì ń fi àwọn tí ó ṣófo sílẹ̀. Lórí okùn gíláàsì, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Níbi tí òpó bá ti ń gba sátẹ́láìtì kọjá, tí wọ́n ti ń san owó lórí gbogbo àmì tí ó kọjá, ó ṣe pàtàkì kí ilé-iṣẹ́ má ṣe máa rán òfìfo lọ sí òfurufú.

Díẹ̀díẹ̀, 4G àti àwọn tí ó tẹ̀lé e ń lé 2G lọ, àwọn àpótí wọ̀nyí yóò sì kúrò nílẹ̀. Àmọ́ ìlànà G.711 tí àjọ àgbáyé tẹ̀ jáde ní 1972, ọdún tí ó tẹ̀lé ikú Reeves, ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù ọ́fíìsì tí kò ní E1 kankan lẹ́yìn, tí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ń gbé. Wọ́n ṣì ń wọn ohùn níbẹ̀ ní ìgbà 8,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan.